Ṣé ìrísí burúkú ló da àwọn ilé-iṣẹ́ mọ́tò Amẹ́ríkà rú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni mò ń gbé. Ẹnì kan fẹ́ ta Pontiac Aztek 2002 fún mi ní owó pọ́ọ́kú. Àwọn ará ibiṣẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò sí mọ́tò tó burẹ́wà tó o, àti pé irú ìrísí bẹ́ẹ̀ ló pa Pontiac tó sì sọ GM (General Motors, ilé-iṣẹ́ tó ni Pontiac) di onígbèsè. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé kí n rà á? Ó ṣeé ṣe kí n fi ránṣẹ́ sílé tó bá yá.

Ìdáhùn: Ìbéèrè méjì lẹ dì pọ̀ mọ́ra wọn. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti Pontiac àti GM, lẹ́yìn náà la ó padà sórí mọ́tò tí wọ́n fẹ́ tà fún yín.

Kì í ṣe ìrísí ló pa Pontiac. Nílé-iṣẹ́ mọ́tò, inú ìpinnu tí àwọn tó ń ṣọ́ owó ti ṣe kí ayàwòrán tó fọwọ́ kan pẹ́ńsù ni ìrísí burúkú ti sábà máa ń wá. Ìrísí yẹn ni aráàlú ń rí, òun ni wọ́n sì ń di ẹ̀bi rù. Ìpinnu tó bí i ò hàn sí wọn.

Ẹ wo Aztek fúnra rẹ̀. Ọdún 2000 ló dé ọjà, gẹ́gẹ́ bíi mọ́tò 2001. Ní 1999, GM ti gbé àpẹẹrẹ rẹ̀ lọ síbi ìpàtẹ mọ́tò Detroit. Àpẹẹrẹ yẹn rẹlẹ̀, ó fẹ̀ ju èyí tí wọ́n padà tà lọ, àwọn tó rí i sì gba tirẹ̀. Àmọ́ èyí tí wọ́n tà dúró lórí sáṣì mínívánù, irú èyí tó wà lábẹ́ Pontiac Montana tí àwọn ìyá fi ń gbé ọmọ lọ síléèwé. Sáṣì yẹn ti wà nílẹ̀, wọ́n ti san owó mọ́ọ̀dù irin tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe mọ́tò tuntun láìnáwó púpọ̀, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ nawọ́ sí.

Nígbà tí ẹ bá yá sáṣì, ẹ ò yá irin ìsàlẹ̀ nìkan. Ibi tí ògiri tó pín ẹ́ńjìnnì àti awakọ̀ níyà wà, ibi tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà, bí ilẹ̀ inú ọkọ̀ ṣe ga tó, ibi tí ẹsẹ̀ gíláàsì iwájú ti bẹ̀rẹ̀: gbogbo rẹ̀ lẹ yá, ayàwòrán ò sì lè sún ọ̀kankan nínú wọn. Ti mínívánù ga, ó sì fún. Àwọn ayàwòrán Pontiac fẹ́ ṣe jíìpù tí ọ̀dọ́ máa gbé lọ sórí òkè, orí nǹkan tí wọ́n rọ fún gbígbé ọmọ méje ni wọ́n sì ní kí wọ́n kọ́ ọ lé.

Ẹ lè fi ojú yín rí i. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ Aztek yẹn, kí ẹ sún sẹ́yìn tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Ẹ kọ́kọ́ wo irin àti ike tó wà lórí táyà: ó nípọn, táyà wá dà bí èyí tó kéré jù tó sì wọnú lọ. Ẹ wò ó láti ẹ̀yìn náà, ẹ ó rí i pé ara ọkọ̀ yọ síta ju táyà lọ lọ́tùn-ún lósì. Ẹ padà sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ fi ojú wọn àyè tó wà láàárín etí ilẹ̀kùn iwájú àti àárín táyà iwájú. Bí àyè yẹn bá kúrú, tí bọ́nẹ́ẹ̀tì sì ga, imú mọ́tò á dà bí èyí tí wọ́n gé. Paríparí rẹ̀, ẹ fi gíláàsì wé irin. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò tí ojú gbà, gíláàsì máa ń tó bí ìdá kan nínú mẹ́ta gíga ara ọkọ̀, irin á kó ìdá méjì tó kù. Pẹ́ńsù ayàwòrán lè tún irin ṣe, àmọ́ kò lè tún ibi tí táyà wà ṣe.

Ohun tí wọ́n wá ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló bà á jẹ́ tán. Láti fi gíga yẹn pa mọ́, wọ́n lẹ ike eérú mọ́ gbogbo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n pín iná iwájú sí méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Wọ́n pín gíláàsì ẹ̀yìn sí méjì, ọ̀pá kan sì gba àárín rẹ̀ kọjá, tí kì í jẹ́ kí awakọ̀ rí ẹ̀yìn dáadáa. Ibi tí ẹ̀bi ayàwòrán ti wà gan-an nìyí, n kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀, torí pé Buick Rendezvous jáde lórí sáṣì kan náà, láti ilé-iṣẹ́ kan náà ní Ramos Arizpe lórílẹ̀-èdè Mẹ́síkò, láìsí ike rẹpẹtẹ yẹn, ó sì tà jù ú lọ. Sáṣì dí wọn lọ́wọ́, àmọ́ òun kọ́ ló ní kí wọ́n lẹ ike.

Bob Lutz, tó dé GM ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá rẹ̀, ti sọ ní gbangba pé àwọn oníbàárà tí wọ́n fi Aztek hàn kó tó jáde kò fẹ́ràn rẹ̀, àwọn ọ̀gá sì ṣe é lọ bẹ́ẹ̀. GM lérò pé wọ́n lè tà tó 75,000 lọ́dún. Ọdún tó tà jù lọ, 2002, kò pé 28,000. Ní 2005 wọ́n pa á tì. Tom Peters tó darí yíyà rẹ̀ náà ló padà darí yíyà Corvette 2014, tí gbogbo ayé ń yìn. Ọwọ́ kan náà ni. Sáṣì tí wọ́n gbé fún un nígbà kejì ló yàtọ̀.

Ní báyìí, ẹ fi Aztek wé mọ́tò kan tó rẹwà. Chevrolet Vega, tí GM gbé jáde ní 1970, fani mọ́ra gan-an. Ó dà bí àbúrò Camaro. Ìwé ìròyìn Motor Trend fi ṣe mọ́tò ọdún 1971. Mo gbà pé ìbàjẹ́ tí Vega ṣe fún orúkọ GM ju ti Aztek lọ fíìfíì.

Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi rọ búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì Vega, wọn ò sì fi irin bọ inú sílíńdà rẹ̀ bí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ṣe ń ṣe. Orí ẹ́ńjìnnì, ìyẹn ibi tí fáàfù wà, irin ni. Alumíníọ̀mù máa ń fẹ̀ ju irin lọ bó bá gbóná, torí náà gáskẹ́ẹ̀tì àárín àwọn méjèèjì kì í pẹ́ jò. Rádíétọ̀ rẹ̀ kéré. Bí omi bá ti dín díẹ̀, ẹ́ńjìnnì á gbóná, sílíńdà á tẹ̀, písítìnì á máa há a lára, mọ́tò á wá máa mu ọ́ìlì bí omi. Ara rẹ̀ náà ò gbẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n bá ri í bọ inú ọ̀dà tó ń dènà ìpẹtà, afẹ́fẹ́ máa ń há sí kọ̀rọ̀ òkè fẹ́ńdà iwájú, ọ̀dà ò sì ní dé ibẹ̀. Ní àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì nígbà òtútù, fẹ́ńdà á ti lu kí wọ́n tó san owó mọ́tò náà tán. Nígbà tó yá, GM fi ọ̀rá ike sábẹ́ fẹ́ńdà, wọ́n fi ìgò omi kún rádíétọ̀, wọ́n sì fún ẹ́ńjìnnì ní gàràǹtì 50,000 máìlì. Nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì Vega ni wọ́n ti tà kó tó parí ní 1977. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó rà á jẹ́ ọ̀dọ́ tó ń ra mọ́tò tuntun fún ìgbà àkọ́kọ́, àsìkò yẹn gan-an ni epo sì wọ́n gógó lẹ́yìn tí àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá dá epo dúró ní October 1973. Ṣọ́ọ̀bù Toyota, Datsun àti Honda wà nítòsí. Ẹni tí Vega bá já kulẹ̀ ní ọmọ ọdún 25 kò ní padà sọ́dọ̀ GM ní ọmọ ọdún 40, bí Cadillac ibẹ̀ tilẹ̀ ń dán.

Edsel ti Ford ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ bí wọ́n bá ń sọ ti ìrísí burúkú, màá sì sọ díẹ̀ nípa rẹ̀. September 4, 1957 ló jáde. Ojú rẹ̀ ní ihò gígùn kan tó dúró lóòró láàárín, tí àwọn èèyàn fi wé àjàgà ẹṣin. Nínú àwòrán Roy Brown tó ya Edsel, ihò yẹn tẹ́ẹ́rẹ́; àwọn ẹnjiníà ló ní kí ó fẹ̀ kí atẹ́gùn tó lè tu ẹ́ńjìnnì lójú. Bọ́tìnì gíà rẹ̀ wà láàárín sítíárìn, ibi tí ọwọ́ àwọn èèyàn ti mọ́ láti máa tẹ fèrè. Ẹ ronú wò, ẹni tó fẹ́ fọn fèrè fún ọmọdé tó já sójú títì. Lórí iyẹn, Edsel ò ní ilé-iṣẹ́ tirẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń to Ford àti Mercury ni wọ́n ti ń tò ó, àárín wọn ló máa ń kọjá lórí ìlà, àwọn òṣìṣẹ́ á sì máa yí irinṣẹ́ padà lójijì, ni ọ̀pọ̀ fi dé ọwọ́ oníbàárà pẹ̀lú nǹkan tó já tàbí tí wọn ò dè. Ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà tún rọ̀ ní 1958. Ford ń retí pé yóò tà ju 200,000 lọ lọ́dún. 63,110 ló tà ní Amẹ́ríkà ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀. November 1959 ni wọ́n dá a dúró, owó tó bá a lọ sì tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 250 dọ́là. Ford ò kú. Ó tún ara ṣe, ó sì gbé Mustang jáde ní 1964. Nítorí náà, mọ́tò kan tó burú ò lè pa ilé-iṣẹ́ tó lówó lápò.

Àṣìṣe ìrísí tó dun GM jù ni èyí tí kò burú lójú rárá. Alfred Sloan, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà GM láyé àtijọ́, ló to orúkọ mọ́tò GM bí àkàsọ̀: Chevrolet nísàlẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ Pontiac, Oldsmobile, Buick, kí ó tó kan Cadillac lókè. Láti 1927 tí Harley Earl ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka ìrísí GM, iṣẹ́ wọn ni pé kí mọ́tò márùn-ún pín irin inú, kí ojú wọn má sì jọra. Owó ńlá wà níbẹ̀, torí pé ẹni tó san owó Buick ń sanwó kí aládùúgbò má baà rò pé Chevrolet ló rà.

Nígbà tó di ọdún 1980 síwájú, wọ́n fẹ́ dín ìnáwó kù, wọ́n wá jẹ́ kí ilẹ̀kùn, òrùlé àti gíláàsì náà di àjùmọ̀lò. Ní August 1983, ìwé ìròyìn Fortune to mọ́tò GM mẹ́rin, Chevrolet, Pontiac, Oldsmobile àti Buick, sójú ìwé iwájú rẹ̀. Àwọ̀ kan náà ni gbogbo wọn. Ó ṣòro láti mọ èwo ni èwo. Lincoln tó jẹ́ ti Ford fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ìpolówó tẹlifíṣọ̀n: àwọn olówó jáde, wọn ò mọ mọ́tò wọn láàárín ti àwọn ẹlòmíràn. Èyí tó dùn mí jù ni Cadillac Cimarron, 1982. Chevrolet Cavalier ni, tí wọ́n fi awọ sí ìjókòó rẹ̀ tí wọ́n sì lẹ àmì Cadillac mọ́. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ oní-lítà 1.8, agbára ẹṣin 88, iye rẹ̀ sì tó nǹkan bíi $12,000. Lójú ẹsẹ̀ ni àwọn tó ń ra Cadillac ti mọ̀.

Ọ̀rọ̀ àsìkò náà wà ńbẹ̀, àwọn èèyàn kì í sì í sọ ọ́ tó bó ṣe yẹ. Nígbà yẹn, ó máa ń gba ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún márùn-ún láti ìgbà tí wọ́n bá fọwọ́ sí mọ́tò tuntun títí tó fi máa dé ọjà. Àwọn ará Japan máa ń yá jù wọ́n lọ ní ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo ohun tí ìyẹn dá sílẹ̀. Lẹ́yìn rògbòdìyàn Iran ní 1979, GM gbà pé epo máa wọ́n sí i títí dé $3 gálọ̀nù kan. Wọ́n wá gé Cadillac Eldorado kúrú ní nǹkan bí ínǹṣì 16. Nígbà tó fi máa jáde gẹ́gẹ́ bíi mọ́tò 1986, epo ti já wálẹ̀. Ibi tí wọ́n fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀ lọ. Eldorado tuntun wá kéré, ó sì jọ Pontiac Grand Am àti Buick kékeré tí owó wọn ò tó ìdajì tirẹ̀. Ó ti tà ju 70,000 lọ ní 1985. Ní 1986 nǹkan bíi 21,000 ló tà. Ní 1988 wọ́n dá ínǹṣì mẹ́ta padà sí i. Kò sí ayàwòrán kankan tó lè gba mọ́tò yẹn là, torí gígùn rẹ̀ ni àwọn olówó ń rà, òun náà ni wọ́n sì gé.

Ford Taurus 1996 náà wà níbẹ̀. Taurus àkọ́kọ́ tó jáde ní òpin 1985 yọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, Jack Telnack ló darí yíyà rẹ̀, ó gba Ford là, ó sì di mọ́tò tó tà jù ní Amẹ́ríkà láti 1992. Ti 1996 ni wọ́n wá sọ di ẹyin: gíláàsì ẹ̀yìn rí bí ẹyin, iná rí bí ẹyin, bọ́tìnì rédíò náà wà nínú ẹyin. Ní 1997 Toyota Camry gba ipò kìíní. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé Camry 1997 rẹwà. Mọ́tò tí ojú ń wò kọjá ni. Èèyàn máa ń rà á torí pé ó máa ń ṣíná láràárọ̀.

Ilé-iṣẹ́ Georgetown, Kentucky, tó bẹ̀rẹ̀ sí í to Camry ní 1988, ni púpọ̀ nínú Camry tókúnbọ̀ tí wọ́n ń wà ní Èkó ti wá, àti “Big Daddy” àti “Muscle”. Ẹ wo nọ́ńbà sáṣì: tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4T1, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti tò ó; tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú J, Japan ni. Òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà ló to mọ́tò tó gba ọjà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àwọn òṣìṣẹ́ ni kò mọ iṣẹ́. GM alára ti rí i ní Fremont, California, níbi tí òun àti Toyota ti jọ ṣí ilé-iṣẹ́ NUMMI ní 1984: púpọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ tí GM ti lé lọ ni wọ́n gbà padà, iṣẹ́ wọn sì dára lábẹ́ ìlànà Toyota.

Kí ló wá sọ GM di onígbèsè? Owó ìfẹ̀yìntì àti ìtọ́jú ìlera àwọn tó ti fẹ̀yìn tì pọ̀ lọ́rùn wọn; lórí mọ́tò kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tà, ó ju $1,000 lọ, Toyota ò sì rù irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Orúkọ mọ́tò wọn pọ̀ jù, owó tí ó yẹ kí wọ́n fi ṣe mọ́tò mẹ́ta dáadáa ni wọ́n pín fún mẹ́jọ. Èrè wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde láti ibòmíràn yàtọ̀ sí jíìpù ńlá àti ọkọ̀ akẹ́rù, torí pé owó orí kọ́sítọ́ọ̀mù ìdá 25 nínú 100, tó ti wà láti 1964, ń dáàbò bo akẹ́rù lọ́wọ́ àwọn ará òkè òkun; wọ́n wá fi mọ́tò kékeré sílẹ̀ fún Honda àti Toyota. Ní 2005 nìkan, GM pàdánù ju bílíọ̀nù 10 dọ́là lọ. Nígbà tí epo rọ̀bì tún fò sókè ní July 2008, tí báńkì sì dẹ́kun yíyá èèyàn lówó ní òpin ọdún náà, kò sẹ́ni tó ń ra jíìpù mọ́. Chrysler wọ kóòtù onígbèsè ní April 30, 2009, GM tẹ̀ lé e ní June 1. Ìjọba Amẹ́ríkà kó nǹkan bíi bílíọ̀nù 50 dọ́là fún GM, wọ́n sì ní kí ó dín orúkọ kù. Pontiac àti Saturn kógbá sílé. Nígbà náà, ọdún kẹrin nìyẹn tí wọ́n ti dá Aztek dúró.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ ti èyí tí wọ́n fẹ́ tà fún yín. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ V6 oní-lítà 3.4, agbára ẹṣin 185, gíà ọ́tò mẹ́rin. Ẹ́ńjìnnì tó lágbára ni, àmọ́ gáskẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ máníífóòdù tó ń gba atẹ́gùn wọlé ni kùdìẹ̀-kudiẹ rẹ̀. Férémù ike ni gáskẹ́ẹ̀tì àtìbẹ̀rẹ̀ ní. Ó máa ń rọ̀, omi rádíétọ̀ á jò síta, tàbí èyí tó burú jù, á jò sínú ọ́ìlì, bẹ́ríǹgì inú ẹ́ńjìnnì á sì jẹ. Kí mọ́tò tó gbóná, ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì. Bí ẹ bá rí nǹkan tó dà bíi mílíìkì tó pọ́n lábẹ́ rẹ̀, ẹ pa á dé, kí ẹ máa lọ. Ẹ wo omi rádíétọ̀, bóyá ó dín. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí igun ibi tí máníífóòdù ti pàdé orí ẹ́ńjìnnì, bóyá ibẹ̀ tutù tàbí tó ní àbàwọ́n ọsàn.

Bí mẹkáníìkì bá máa pààrọ̀ rẹ̀, kí ó lo gáskẹ́ẹ̀tì tuntun onírin. Ọ̀pá méjìlá ló máa yọ nínú iṣẹ́ náà, àwọn tó ń ti fáàfù: mẹ́fà ti fáàfù atẹ́gùn kúrú, mẹ́fà ti fáàfù èéfín gùn. Kí ó tò wọ́n sórí páálí bó ṣe yọ wọ́n, torí pé bí ó bá fi gígùn sí ibi kúkúrú, fáàfù á tẹ̀ nígbà tó bá ṣíná. Kí ó pààrọ̀ ọ́ìlì kí ó tó ṣíná. Ẹ wà á lọ sí títì ńlá pẹ̀lú. Bí ìró hùn-ún bá ń yí padà bí ẹ ṣe ń yí sítíárìn, bẹ́ríǹgì táyà iwájú ti ń lọ. Tó bá jẹ́ èyí tó ń fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ̀yìn rí, ọ́ìlì tirẹ̀ yàtọ̀.

Fún lílò ní Houston, kò burú. Inú rẹ̀ fẹ̀, ìjókòó ẹ̀yìn yọ kúrò, ẹrù tó pọ̀ ló ń gbà, apá ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì pọ̀ nílẹ̀ torí pé mọ́tò GM mìíràn ń lò ó. Ike ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ẹ ó máa wá kiri ọgbà àlòkù bí ó bá fọ́. Ti ilé ni kí ẹ gbàgbé. Ọjọ́ orí rẹ̀ ti ju èyí tí aṣọ́bodè Nàìjíríà ń gbà wọlé lọ, kódà bí ó bá wọlé, ẹ ó rí apá Camry ní Ládípò lójú ẹsẹ̀, ẹ ò sì ní rí ti Aztek. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fi rìsíìtì gáskẹ́ẹ̀tì yẹn hàn yín. Bí kò bá sí, ẹ yọ owó iṣẹ́ náà kúrò nínú iye tó pè é.